Ìdajì Ara

Ẹ má bi mí léèrè iye ọ̀tá tí mo pa.
N kò pa ẹnì kankan.
Èmi ni mò ń tún asà ṣe ní Tẹ́gíà,
lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn jagunjagun ń gbà lọ
nígbà tí ọkà bá gbó,
tí wọ́n sì ń sáré gbà padà kí ólífì tó dúdú,
torí àgbẹ̀ ni wọ́n, ogun ò sì bá wọn kórè.

Ara asà ni mo ti mọ̀ wọ́n.
Èyí tó tẹ̀ níwájú, ẹni tó ni ín dúró.
Èyí tí etí rẹ̀ fàya, ẹnìkan dì í mú
nígbà tí ẹsẹ̀ yẹ̀.
Èyí tó jọ̀lọ̀, tí kò lójú ọgbẹ́ kankan,
n kì í bi olúwa rẹ̀ ní nǹkan.
Mo kàn ń gba owó ọ̀rá tí mo fi nù ún.

Fẹ́réklù ló là á yé mi.
Ó to ẹ̀wà sórí tábìlì mi,
ìlà mẹ́jọ, ọ̀kan ń ti ọ̀kan lẹ́yìn.
"Asà mi bo ìdajì ara mi," ó ní,
"apá tó kù, ará òsì mi ló ni ín.
Ará ọ̀tún mi ló bo tèmi.
Bí a bá gbẹ́sẹ̀ pọ̀, ta ni yóò là wá kọjá?
Òkè ni wá, òkè tó ní ẹsẹ̀."

Mo gbà fún un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Àmọ́ nígbà tó lọ tán, mo jókòó ti ẹ̀wà náà.
Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún,
ta ló bo ìyẹn?
Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi Fẹ́réklù sí.
Wọ́n ní ọlá ni.
Mirínẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù sì ní ọgbọ́n tirẹ̀:
kálukú a máa rọra sún sápá ọ̀tún,
sábẹ́ asà ẹlòmíràn,
títí òkè ẹlẹ́sẹ̀ yóò fi máa rìn bí akàn,
tí yóò ṣì ọ̀tá tó wá bá jà.
Pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n rìn.
Kòtò kan, ọgbà àjàrà kan, ó ti tú.
Mo ti dé àṣíborí wọn wò rí, lọ́sàn-án gangan:
n kò rí ẹ̀gbẹ́, n kò gbọ́ ẹni tó ń pè mí,
àfi èémí ara mi tó ń fẹ́ bí ewìrì.

Ọdún tí wọ́n lọ jà lórí àpáta,
darandaran kan yà sọ́dọ̀ mi, Bátákù lórúkọ rẹ̀.
Ẹsẹ̀ lásán. Wàràkàṣì nínú àpò awọ.
Ó gbé asà kan sẹ́yìn bí alábahun,
ó ń wá ẹni tí yóò rà á.

"A ò bá wọn jà," ó ní, ó ń ha ẹ̀wà mi jẹ.
"Bí wọ́n bá lé wa, a sá.
Bí wọ́n bá dúró, a ju ọ̀kọ̀.
Idẹ wúwo, bàbá. Ó rẹ̀ wọ́n kí ó tó rẹ̀ wá.
Bí ẹni ń da ewúrẹ́ ni."

Mo yí asà náà dé.
Lábẹ́ ibi tí apá ń wọ̀,
oyin kékeré tí mo máa ń fi ìṣó kọ wà níbẹ̀.
Mo tún yí i padà. Iwájú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí omi,
kò sí ojú ọgbẹ́ kankan.

"Ọ̀tún ni?" mo bi í.
Ó ronú díẹ̀.
"Ọ̀tún ni. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Dírákímà mẹ́rin ló ní. Mo san án, n kò yọwó.
Mirínẹ̀ ló gbà á, ó fi bo ìkòkò ọkà, torí eku.
N kò gba owó ọ̀rá mọ́
lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí asà rẹ̀ bá jọ̀lọ̀.